Nígbà tí iná sinimá tàn, kò sí ẹni tó dìde

Ẹ̀yin ará, ẹyọ ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ta ni nínú yín ló ti wo fíìmù Small Things Like These, kí ló sì ṣe yín nígbà tó parí? Mo bèèrè nítorí pé ohun tí mo rí ní sinimá lọ́jọ́ tí mo wò ó kò tíì kúrò lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ fi ìrírí tèmi ṣáájú kí ẹ tó gbé tiyín kalẹ̀.

Dublin ni mo ń gbé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, kò pẹ́ rárá tí fíìmù náà dé sinimá ní Ireland, ìyá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọmọ Ireland pọ́ńbélé tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ wò ó, nítorí pé àwọn ọmọ òun kò ráyè, òun kò sì fẹ́ dá nìkan wò ó. N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju pé Cillian Murphy, tó gba Oscar lọ́dún yẹn, ni olórí òṣèré. Mo ra gúgúrú. Mo sọ ti gúgúrú yìí kí ẹ lè mọ irú ọkàn tí mo gbé lọ.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ìlú New Ross ni, ní agbègbè Wexford, nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1985 ń bọ̀. Ọkùnrin eléèédú kan tó bí ọmọbìnrin márùn-ún ń já èédú fún àwọn ará ìlú, ó sì ń já a fún ilé àwọn sísítà Àgùdà pẹ̀lú, níbi tí àwọn ọmọbìnrin tí ìlú kà sí ẹni ìtìjú, tí àwọn kan nínú wọn gboyún láìlọ́kọ, ti ń fọ aṣọ àgbàfọ̀. Ọjọ́ kan ló ṣí ilé èédú wọn, tó bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà níbẹ̀ nínú òtútù. Òun fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò lọ́kọ nígbà tó bí i. Bí kì í bá ṣe opó olówó kan tí ìyá náà ń ṣiṣẹ́ fún, tó gbà kí tìyá-tọmọ máa gbé lọ́dọ̀ òun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá gbé ìyá rẹ̀ lọ. Kò sí ìjà nínú fíìmù náà, kò sí ilé ẹjọ́, kò sí ẹni tó dìde wàásù. Bí ọkùnrin náà bá délé lálẹ́, yóò mú búrọ́ọ̀ṣì, yóò máa fi fọ èédú kúrò lọ́wọ́, ẹ óò sì máa gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì náà lára èékánná rẹ̀ títí ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara yín nínú òkùnkùn.

Ibi tó bà mí lẹ́rù jù ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbé ohùn sókè. Olórí àwọn sísítà, tí Emily Watson ṣe (wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn nítorí rẹ̀ ní àjọ̀dún fíìmù Berlin lóṣù Kejì ọdún 2024), mú eléèédú jókòó sídìí iná. Wọ́n gbé tíì wá. Ó ń bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn sísítà náà ni wọ́n ti ń kàwé, àwọn tó kéré náà yóò sì nílò àyè níbẹ̀ lọ́la. Lẹ́yìn náà ló fi owó sínú àpòòwé, ó ní kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ fún ọdún. A máa ń sọ nílé pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé a lè fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ halẹ̀ mọ́ ọmọlúàbí, kó sì dúpẹ́.

Nígbà tí eré parí, ọ̀rọ̀ hàn pé wọ́n fi fíìmù náà rántí àwọn obìnrin tó lé ní 56,000 tí wọ́n fi sí irú ilé bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1922 sí 1998, àti àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Iná tàn. Kò sí ẹni tó dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbí mọ̀ pé orúkọ àwọn òṣèré kì í tíì kọjá tán kí àwọn ènìyàn tó máa wá ẹ̀wù òtútù wọn. Lọ́jọ́ náà, bí ìgbà tí wọ́n kan gbogbo wa mọ́ àga ni. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn wa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò kúkú sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú eré náà. Obìnrin arúgbó kan yíjú padà, kò bá a wí, ó kàn ń wò ó títí ọmọ náà fi tẹrí ba. Gúgúrú mi kún bí mo ṣe rà á.

Inú ọkọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti fọhùn. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Aṣọ ìbùsùn tiwa náà, ibẹ̀ ló ń lọ." Ó ní ọjọọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ máa ń wá kó o, bó bá sì padà dé, ìyá òun á nà án sójú fèrèsé, á máa yin bó ti funfun tó. Ní igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi òwú pupa rán àmì kékeré sí i, kí ti ilé kan má bàa lọ sí ilé kejì. Mo bi í bóyá wọ́n mọ àwọn tó ń fọ̀ ọ́. Ó ní kò sí ẹni tí kò mọ̀ ládùúgbò àwọn, àti pé bí òun bá ṣe àìgbọràn, ohun tí ìyá òun fi ń dẹ́rù ba òun ni pé òun yóò bá aṣọ lọ lọ́jọ́ Ajé.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí àwọn àgbà bá ti sùn. Ilé àgbàfọ̀ mẹ́wàá ni ìròyìn tí ìjọba gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2013 yẹ̀ wò, ẹgbẹ́ sísítà mẹ́rin ló ni wọ́n, nǹkan bí 10,000 obìnrin ló sì gba ibẹ̀ kọjá láti ọdún 1922. (Iye 56,000 tí fíìmù náà kọ, iye àwọn ìyá tó wà nínú ìròyìn mìíràn ti ọdún 2021 ni, èyí tó dá lórí àwọn ilé ìyá àti ọmọ, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tó gboyún láìlọ́kọ sí láti bímọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.) Ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú àwọn tí a mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ ló jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba wà nínú rẹ̀, ìjọba kan náà sì ń kó aṣọ tirẹ̀ fún wọn fọ̀. Ní ọdún 1993, nígbà tí àwọn sísítà ta ilẹ̀ ní High Park, ọ̀kan nínú àwọn ilé àgbàfọ̀ náà, ní Dublin níhìn-ín, òkú obìnrin 155 ni wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ náà, àwọn kan kò sì ní ìwé ẹ̀rí ikú. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ilé náà, tó wà ní òpópónà Sean McDermott, ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n tó tì í. Bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò jìnnà síbẹ̀. Ọdún mélòó ni mo fi ń kọjá tí mo rò pé ilé tí wọ́n pa tì lásán ni!

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Díákónì kan ní ọ̀tá ìjọ Ọlọ́run ló ṣe fíìmù náà. Mo bi í bóyá ó ti wò ó, ó ní òun kò ní wò ó láéláé. Ẹ gbé tiyín wá.

*Ẹni tó kọ̀wé láti Manchester:*

Àbúrò mi, ẹ ṣeun. Mo ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin. Àwọn sísítà tí wọ́n ti Ireland wá ló kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ lójú mi pé ìkà ni gbogbo wọn, nítorí pé nígbà tí ibà dá mi wó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọ̀kan nínú wọn jókòó tì mí fún òru mẹ́ta, ó ń fi aṣọ tútù nu mí lójú. Ìbínú ni mo fi wo fíìmù náà dé ìdajì. Ọmọbìnrin mi tó mú mi lọ rò pé mo ti sùn.

Sísítà kọ́ ló bà mí nínú jẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ eléèédú ni, àwọn ọmọ dáadáa tí wọ́n ń kàwé lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ìyà náà. Ní ọdún 1974, ọ̀kan nínú wa lóyún. Kí agogo àdúrà òwúrọ̀ tó lù, wọ́n ti gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu géètì, wọ́n sì ti sá ibùsùn rẹ̀ sóòrùn bí ẹni pé ẹni tó ní àrùn tó ń ràn ló sùn lórí rẹ̀. Àwa ọmọ kíláàsì rẹ̀ tò sí ojú ọ̀nà, a fi orin sìn ín jáde. Èmi ni mo dá orin náà, nítorí pé ohùn mi ló dára jù. Sísítà tó jókòó tì mí fún òru mẹ́ta dúró lójú fèrèsé. Kò ní ká dákẹ́, kò sì ní ká máa kọ ọ́ lọ.

Nígbà tí a jáde ní sinimá, ọmọ mi bèèrè ìdí tí mo fi ń gbọ̀n, mo sì sọ fún un. Ó bi mí ibi tí ọmọbìnrin náà wà báyìí. Mo rántí orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n n kò rántí orúkọ bàbá rẹ̀ tí mo lè fi wá a.

*Ẹni tó kọ̀wé láti Ìbàdàn:*

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Orí fóònù ni mo ti wò ó, alẹ́ méjì ni mo sì fi wò ó nítorí iná. Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ireland, kì í sì í ṣe ti Àgùdà, ṣùgbọ́n ẹ fojú fo èyí.

Mo máa ń já pure water. Ilé àdúrà kan wà nínú àwọn oníbàárà mi, ogójì àpò lọ́sẹ̀, wọn kì í sì í jẹ gbèsè, èyí tí ẹni tó bá ń ta omi mọ iyì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n gba ẹ̀yìn wọlé nítorí pé ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin kan tó jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìdí igi, ojú ibi tí irin náà ń há sí ti dúdú, ó sì ń dán. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi." Àpò omi mẹ́rin wà lórí mi. Ìyàwó wòlíì yọ, ó ní orí rẹ̀ ló dàrú, ó wà nínú ààwẹ̀ ìtúsílẹ̀, kí n má ṣe bà á jẹ́. Mo sọ àpò omi kalẹ̀ síbi tí wọ́n fi hàn mí. Nígbà tó sanwó, ó fi ẹgbẹ̀rún kan lé e, ó ní kí n fi ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ.

Oṣù mẹ́jọ ni mo tún fi já omi síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀nà iwájú ni mo sì ń gbà. Ní ọdún 2019, nígbà tí Human Rights Watch, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, sọ fún ayé pé wọ́n ń so àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, ní àwọn ilé ìwòsàn ìbílẹ̀, ní ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, àwọn ènìyàn ń sọ pé irọ́ ni. Èmi pa rédíò.

Nígbà tí sísítà inú fíìmù fi owó sínú àpòòwé yẹn, mo dá a dúró. Ìyàwó mi tí a jọ ń wò ó bèèrè ìdí tí eléèédú kò fi mú ọmọ náà lọ sílé lójú ẹsẹ̀. Mo ní nítorí pé oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n. Ó yíjú sí mi, ó ní báwo ni mo ṣe yára mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọkùnrin náà.

*Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, láti Dublin:*

Mo ti ka tiyín, mo sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, láìsọ ẹni tó kọ ọ́. Ó gbọ́ ti orin náà, ó ní kí n dúró díẹ̀, ó jáde lọ fẹ́ atẹ́gùn.

Lálẹ́ àná, ó mú nǹkan kan wá nínú báàgì rẹ̀. Aṣọ ìrọ̀rí àtijọ́ kan ni, tó bá nínú ẹrù ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí a ti ń mu tíì, ó yí igun rẹ̀ padà fún mi wò. Àmì òwú pupa náà wà níbẹ̀, lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kéré, ó sì gún régé. Ẹni tó rán an mọ abẹ́rẹ́ lò. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Ó bi mí ohun tí òun lè fi ṣe, pé òun kò lè sùn lé e, òun kò sì lè sọ ọ́ nù. N kò rí èsì fún un. Ó ká a ní mẹ́rin, ó dá a padà sínú báàgì, a sì dìde lọ yí ìyá tó wà ní yàrá kẹsàn-án padà, nítorí pé aago méjì ti lù.