Àárò ariwo odó ilé ló ń sọ mí

Àwọn tó jìnnà sílé ń sọ ohun ilé tí àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n; èmi náà á sọ tèmi. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí. Ọdún 1996 tí wọ́n yọ Èkìtì lára Oǹdó ni wọ́n bí mi. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Port Harcourt ní 2019.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi o. Iṣu wà níbí, bọ́lẹ̀ wọn (iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun) sì dùn, mi ò ní parọ́. Ariwo odó ni mi ò rí. Nílé wa, tó bá ti di ọ̀sán Sunday, ojúlé kan á bẹ̀rẹ̀, èkejì á gbà á: gbì, gbì, gbì. Etí lásán la fi ń mọ ẹni tí iyán rẹ̀ ti fẹ́ kúnná, torí ọmọ odó á ti máa lẹ̀ mọ́ ọn, ìró rẹ̀ á wá máa fà.

Mo ra odó kékeré kan. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, mo wá fi táyà àlòkù tẹ́ ẹ nídìí. Mi ò tíì gún un dé ibì kan tí aládùúgbò ìsàlẹ̀ fi kanlẹ̀kùn. Ó ní ṣé mò ń wó ilé ni. Mo ní oúnjẹ ni. Ó wo odó, ó wò mí, ó ní kí ló dé tí mi ò ra poundo. (Ẹni tó bá ń pe ìyẹn ní iyán, kó má bá mi sọ̀rọ̀.)

Látìgbà náà, ọ̀sán Sunday ni mo máa ń pe màámi. Àbúrò mi á máa gúnyán lẹ́yìn wọn, èmi á máa fi ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà tètè pa fóònù. Wọ́n rò pé àwọn ni mò ń gbọ́.

Kérésì tó kọjá, mo lọlé. Bẹ̀níì, Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, ìdí ń ro mí. Port Harcourt tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà tí mo rí Olósùnta, òkúta ńlá Ìkẹ́rẹ́ wa, ni mo tó mọ̀ pé mo ti dé. Mo wọlé, mo ní, "Màámi, mo ti délé o." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ilé kẹ̀? Ulé ti di ilé lẹ́nu rẹ?" Ulé ni àwa ará Èkìtì ń pe ilé.

Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kí àbúrò mi gbé ọmọ odó fún mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó kí n tó ṣe tán, kókó sì kún inú iyán náà. Gbogbo wọn jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.