Ta ló ti gbé ẹjọ́ dé kóòtù ECOWAS rí? Ẹ wá sọ tiyín

Alóbì Sábó, Ṣàgámù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Mo fẹ́ sọ tèmi kí ẹlòmíì náà lè sọ tirẹ̀, torí nígbà tí ọ̀ràn yìí dé bá mi, n kò rí ẹni bi.

Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọlọ́pàá kó o mọ́ àwọn ọmọ mìíràn. Wọn ò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló lò ní àhámọ́. Òfin Nàìjíríà sì sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé èèyàn dé iwájú adájọ́. Kóòtù wà ní Ṣàgámù níbí. Iwájú rẹ̀ ni mo ń gbà kọjá bí mo bá ń gbé oúnjẹ lọ fún un.

Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ gbèsè obì sí. Lábẹ́ ibi tí mo kọ “Àlájì, agbọ̀n méjì, ó ku 6,000” sí ni mo kọ eléyìí: “Ọjọ́ Ẹtì. Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ lọ. Ẹni tó wà ní kántà fi ṣíbí bù ú wò, ó ní kí n gbé e sílẹ̀. N kò rí ọmọ.” Lọ́jọ́ kejì: “Mo rí i. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wú, okùn ti bó o lára.” N kò mọ̀ pé yóò di ẹ̀rí. Ẹni tó ń ta obì kì í jẹ́ kílẹ̀ ṣú láìkọ nǹkan sílẹ̀, torí obì máa ń bàjẹ́, onígbèsè sì máa ń gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹtàlá, wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọn ò fún mi ní rìsíìtì. Mo kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kan náà.

Lọ́yà kan ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ dárúkọ kóòtù ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó wà ní Àbújá fún mi. Mo ní, “Lọ́yà, ṣebí a gbọ́dọ̀ ti kóòtù ibí lọ sí ti kòtẹ́milọ́rùn, ká tó dé ti gíga jù lọ?” Ó ní, “Rárá, mà. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti fi kún òfin wọn pé ará ìlú lè wá fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò di dandan kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lo gbogbo kóòtù ilé tán. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi orúkọ pamọ́, ẹjọ́ náà ò sì gbọ́dọ̀ tíì wà níwájú kóòtù àgbáyé mìíràn.”

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, “Ìyàwó wa, ṣé ìjọba lo fẹ́ kọ orúkọ ẹ ránṣẹ́ sí?” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú. Wọ́n ti mọ orúkọ wa kí wọ́n tó tì í mọ́lé.” Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn fúnra wọn ló wá fún mi lówó tí mo fi ṣe àdàkọ àwọn ìwé.

Kóòtù náà ò gbowó ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́ lọ́wọ́ wa. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà la pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ọ̀gá tésàn. Nínú èsì wọn, wọ́n ní ọmọ mi ò sun àhámọ́ rárá, pé orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé wọn. Ìgbà yẹn ni lọ́yà gbé ìwé obì mi jáde. A ti ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Orí fídíò ni ìgbẹ́jọ́ ọ̀hún, a jókòó sí ọ́fíìsì lọ́yà. Ó ń ka ọjọ́ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ti ìkọ́kọrẹ́. Mo di etí tábìlì mú.

Wọ́n dá wa láre. Wọ́n ní ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí òmìnira lójú, èyí tó wà ní abala 6 nínú ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Áfíríkà, kí wọ́n sì san owó gbà-máà-bínú. Títí dòní, kọ́bọ̀ ò tíì wọlé. Kò sí kòtẹ́milọ́rùn lórí ìdájọ́ yẹn, àmọ́ ìjọba tó jẹ̀bi náà là ń dúró dè kó mú un ṣẹ. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ẹni tó bá ti gba tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá Alóbì, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á jẹ́ kí owó náà jáde.

Banjul ní Gáńbíà lèmi kọ̀wé sí, sí Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Áfíríkà, lórí owó ìfẹ̀yìntì mi. Ojú ewé mọ́kànlá. Inú bí mi, mo pe àwọn tó di owó mi mú ní olè àti ọ̀dájú, mo sì gé ìwé ìròyìn mọ́ ọn. Wọn ò gbà á wọlé. Ohun méje ni abala 56 ìwé àdéhùn yẹn ń béèrè. Ìkẹta ò fẹ́ èébú. Ìkẹrin ò fẹ́ ẹ̀sùn tó jẹ́ kìkì ìròyìn. Ìkarùn-ún ló gbé mi ṣubú pátápátá: mo gbọ́dọ̀ ti lo kóòtù ilé tán, àyàfi tó bá hàn pé ẹjọ́ ibẹ̀ ń falẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ n kò tíì dé ẹnu ọ̀nà kóòtù kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí tèmi fojú kéré Banjul. Àjọ yẹn ló dá àwọn Ogoni láre lọ́dún 2001 lórí ohun tí epo ṣe sí ilẹ̀ wọn. Èmi ni n kò tẹ̀ lé ìlànà. Mo ti tún un kọ ní ojú ewé mẹ́rin, mo sì gbé e lọ sí kóòtù ilé. Nàìjíríà ti sọ ìwé àdéhùn yẹn dòfin láti 1983, nítorí náà adájọ́ tiwa náà lè lò ó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Iléeṣẹ́ kan ń fọ́ òkúta lẹ́bàá abúlé wa, eruku rẹ̀ bo ewé kòkó bí ẹlùbọ́. A fẹ́ pè é lẹ́jọ́ ní ECOWAS, lọ́yà ní kóòtù yẹn kì í gbọ́ ẹjọ́ iléeṣẹ́, orílẹ̀-èdè nìkan ni. Ìjọba tí kò ká wọn lọ́wọ́ kò la lè pè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni SERAP, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, ṣe jàre Nàìjíríà lọ́dún 2012 lórí epo tó ba Niger Delta jẹ́. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ewé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Akọ̀wé lọ́yà, Ìkẹ́nnẹ́

Mà á, ẹ ní kí lọ́yà yín béèrè ìwé ìmúdàájọ́ṣẹ lọ́wọ́ rẹ́jísírà kóòtù náà. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ni Nàìjíríà yàn láti mú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹ, ọ́fíìsì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ “a ti gbà á”.

Ẹni tó bá ń ro Arusha ní Tansaníà, níbi tí Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Áfíríkà wà, kó mọ̀ pé Nàìjíríà ò tíì fọwọ́ sí i kí ará ìlú lè tọ kóòtù yẹn lọ fúnra rẹ̀. Lọ́yà Fẹ́mi Falana gbìyànjú rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò láṣẹ lọ́dún 2012.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ilẹ̀kùn ECOWAS tí ìyá gbà wọlé, oníṣòwò ló jẹ́ kí wọ́n ṣí i. Ọdún 2003 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, ọjà Afọlábí Ọlájídé há sọ́hùn-ún. Ó pẹjọ́, kóòtù ní ará ìlú ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wá. Ó pàdánù lọ́dún 2004. Ẹjọ́ rẹ̀ yẹn ló mú kí wọ́n tún òfin náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Alóbì Sábó, Ṣàgámù

Ọmọ mi, mo dúpẹ́. N kò mọ̀ pé ẹnì kan pàdánù kí tèmi tó lè wọlé. Màá pe lọ́yà láàárọ̀ ọ̀la lórí ìwé rẹ́jísírà yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, fọ́tò nìkan ò tó o. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti ẹni tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bí mo ṣe kọ tèmi, ẹ wá bá mi ní Sábó. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí tí mo ń kówó sí.