Ìwé márùn-ún ni mo ti kọ kún, èdè Jámánì ò dúró lórí mi. Ẹ gbà mí o

Ẹni tó béèrè (ó ní ká fi orúkọ òun bò):

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Inú ń bí mi, ẹkún sì ń gbọ̀n mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọmọ méjì. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń kọ́ èdè Jámánì. Ìwé márùn-ún ni mo ti kọ kún bámúbámú, kì í ṣe ìwé pélébé àwọn ọmọ iléèwé o, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le ni. Bírò pupa, búlúù, aláwọ̀ ewé, gbogbo ẹ̀ ni mo rà. Tí mo bá ti kíláàsì dé, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, màá jókòó, màá tún gbogbo ohun tí mo kọ dà sínú ìwé mìíràn pẹ̀lú rúlà, kó lè mọ́. Ọkọ mi á kọjá, á ní, "Ìyàwó, ìwé yìí mà dáa o, ṣé o fẹ́ tà á ni?" Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ẹni tó yẹ kó dúró tì mí ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Tíṣà wa ńkọ́? Ó ń fọwọ́ ọ̀tún kọ, ó ń fọwọ́ òsì nù ún. Ọmọdébìnrin kan sì wà tó máa ń jókòó tì mí, kì í kọ nǹkan gidi kan. Ìwé wẹ́wẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà ló máa ń mú wá. Ọmọ yẹn yege! Èmi tí mo kọ ìwé márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi. Ẹ má sì jẹ́ n sọ ti iná. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi kọ ìlàjì ìwé kẹrin.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ nóòtì èdè àjèjì tó fi ń dúró lórí yín? Mo ti ra ìwé kẹfà, n ò tíì kọ nǹkan kan sí i.

Ìyá Ìbejì:

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ìdánwò ìpele wo ni, A1 tó jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ àbí B1 tó ga jù ú lọ? Apá wo lẹ ti já? Ọ̀rọ̀ ọkọ àti ti ẹ̀pà lẹ sọ, ẹ ò sọ èyí tí a máa fi ràn yín lọ́wọ́.

Akin Kọ̀ǹpútà:

Ayé ti kúrò níbi ìwé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lọ gba áàpù káàdì tí wọ́n ń pè ní Anki sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni lórí Android. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú káàdì, ìtumọ̀ sí ẹ̀yìn. Èyí tó bá ṣòro fún yín, á gbé e padà wá lọ́la. Èyí tó bá rọrùn, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó tún rí i. Ìṣẹ́jú ogún lóòjọ́, ó parí.

Bàbá Kútọnu:

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ta bàtà ní ọjà Dantokpa, ní Kútọnu. Nígbà tí mo débẹ̀, tayọ "bonjour", n ò gbọ́ nǹkan kan. N ò ra ìwé kankan. Ẹ̀yìn ìwé gbèsè ni mo ń kọ ọ́ sí. Bí ẹnì kan bá ra bàtà láwìn, orúkọ rẹ̀ á wà lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ Faransé tó fi bẹ̀ mí á wà lápá òsì. Iye owó ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Soixante-dix, ọgọ́ta àti mẹ́wàá, ìyẹn 70. Mo ní irú ìṣirò wo rèé? Ìgbà tí mo dé quatre-vingts, tí wọ́n ní ogún mẹ́rin ni, mo bú sẹ́rìn-ín láàárín ọjà. Kí ni ọgọ́rin tiwa náà bí kì í bá ṣe ogún mẹ́rin? Látọjọ́ yẹn n ò gbàgbé e mọ́. Àmọ́ 90 tàn mí jẹ. Àwa á yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, a ó ní àádọ́rùn-ún. Àwọn á lé mẹ́wàá sórí ọgọ́rin, quatre-vingt-dix. Mo gbọ́ "quatre-vingt", n ò dúró gbọ́ "dix", ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà bá ọjọ́ yẹn lọ.

Ìyá Ìbejì:

Bàbá, Jámánì ló béèrè o.

Bàbá Kútọnu:

Èdè àjèjì náà kọ́?

Màmá Ọ̀ṣogbo:

Tèmi ni pé ẹ lọ sùn. Nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó tún ń fi rúlà fa ìlà di aago kan òru. Kí ló máa dúró lórí tó ti rẹ̀? Ẹ sì fi ọkọ yín sílẹ̀ jàre, òótọ́ ló sọ.

Ẹni tó béèrè:

Ẹ ṣé, màmá. Ṣùgbọ́n ìwé mi ò lè rí jákujàku, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bí bàbá mi bá rí ìwé tí mo fọwọ́ pa nínú rẹ̀, ó máa fà á ya ni. Akin, mo ti gbọ́ ti Anki. Ojú máa ń ro mí lórí fóònù.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Ẹ da ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún mẹ́fà kọ fún wa láti inú ìwé yín, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an. Ẹ má tún un ṣe.

Ẹni tó béèrè:

Ó dáa, sà.
Tisch = table
Zug = train
See = sea
fallen = to fall
anrufen = to call
Spritze = injection
Irú ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, ABD ni mo tò ó.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Mo dúpẹ́. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, kò sí der, die tàbí das, ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ Jámánì, níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá ló yẹ kí eléyìí yé jù. Bí mo bá kọ "oko" láìfi àmì sí i, kí ni mo kọ? Oko tí a ń ro ni, ọkọ tó ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ ni, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko? Bí àmì ohùn ṣe jẹ́ ara ọ̀rọ̀ fún wa ni der àti die ṣe jẹ́ ara ọ̀rọ̀ fún wọn. See tí ẹ kọ yẹn, die See ni òkun. Der See, adágún ni. Ẹni tó bá kọ See lásán kò tíì kọ nǹkan kan. Àwọn kan rọrùn o: ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -ung, -heit tàbí -keit, die ni. Èyí tó bá parí sí -chen tó ń sọ nǹkan di kékeré, das ni, ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin, Mädchen, fi ń gba das. Ìyókù, ẹ kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ sì fi àwọ̀ bírò yín yà á sọ́tọ̀, búlúù fún der, pupa fún die, àwọ̀ ewé fún das. Ẹ ti ra bírò náà tẹ́lẹ̀.

Èkejì, kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń wá níbẹ̀? Ẹ ń ti Jámánì lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá sílé. Anrufen yẹn, nínú gbólóhùn ó máa ń là sí méjì: "Ich rufe dich morgen an", màá pè ọ́ lọ́la. "An" sá lọ sí ìparí. Gẹ̀ẹ́sì ò lè fi èyí yé yín bí Yorùbá ṣe lè fi yé yín. A ní "bàjẹ́", àmọ́ a ó ní "ó ba ọkọ̀ jẹ́". A ní "gbàgbọ́", a ó ní "mo gba Dúpẹ́ gbọ́". Ẹni tó bá gbọ́ "mo gba Dúpẹ́", tí kò dúró gbọ́ "gbọ́", á rò pé ẹnì kan fẹ́ já bọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò ṣeé fi sọ̀rọ̀. Ẹ kọ "die Spritze", kẹ́ ẹ wá kọ gbólóhùn tí ẹ máa sọ ní wọ́ọ̀dù sábẹ́ rẹ̀: "Ich gebe dem Patienten eine Spritze." Ẹ kà á sókè. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá báyìí sàn ju igba lọ.

Akin Kọ̀ǹpútà:

Anki á ṣe gbogbo ìyẹn, sà, títí kan ohùn ẹni tó ni èdè.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Fóònù tí WhatsApp ń dún nínú ẹ̀ yẹn? Ọwọ́ tó bá kọ nǹkan, orí máa ń bá a rántí ẹ̀.

Akin Kọ̀ǹpútà:

Ọwọ́ rẹ̀ ti kọ ìwé márùn-ún, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ ló já ni?

Fọláṣadé:

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ohun kan náà. Òǹkọ̀wé kan, Sebastian Leitner, ti gbé ọgbọ́n káàdì yẹn jáde ní 1972, páálí àti káàdì ló lò, kò sí fóònù. Páálí bàtà ni mo fi ṣe tèmi, mo pín in sí yàrá márùn-ún. Káàdì tí mo bá mọ̀, ó tẹ̀ síwájú sí yàrá kejì; èyí tí mo bá gbàgbé, ó padà sí yàrá kìíní. Yàrá kìíní lójoojúmọ́, yàrá karùn-ún lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kẹ́ ẹ bo ìtumọ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sì gbìyànjú àtirántí. Ẹni tó ń dà á kọ ò rántí nǹkan kan, ojú rẹ̀ ló ń gbé e fún ọwọ́.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mò ń béèrè. Ìdánwò wo? Èló lẹ gbà ní apá kọ̀ọ̀kan?

Ẹni tó béèrè:

Ẹ má bínú, màámi. Ojú ló ń tì mí. B1 ni. Nígbà àkọ́kọ́: Lesen (kíkà) 77, Schreiben (kíkọ) 74, Sprechen (sísọ) 69, Hören (gbígbọ́) 43. Nígbà kejì: Lesen 80, Schreiben 72, Sprechen 71, Hören 47. Mo tún fẹ́ san owó gbogbo ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì:

Háà! Ẹ dúró ná, ẹ má san kọ́bọ̀. 60 ni wọ́n fi ń yege ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti yege nínú mẹ́ta! B1 ti Goethe, iléeṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe ìdánwò náà, kì í ṣe bíi ti A1 tí wọ́n ń ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá dúró, èyí tó bá gbé yín nìkan lẹ máa tún ṣe. Ta ló ní kẹ́ ẹ san gbogbo ẹ̀ nígbà kejì?

Ẹni tó béèrè:

Ẹnì kan ní kíláàsì ló sọ bẹ́ẹ̀. N ò béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì.

Màmá Ọ̀ṣogbo:

Olúwa o.

Ìyá Ìbejì:

Ó ti lọ. Ìbéèrè kan ló kù. Etí ló ń dà yín láàmú, kì í ṣe orí. Bí tíṣà bá ṣí rẹ́kọ́dù ní kíláàsì kẹ́ ẹ lè gbọ́, kí lẹ máa ń ṣe?

Ẹni tó béèrè:

Èmi? Ìgbà yẹn ni mo máa ń ráyè parí ohun tó kù lójú pátákó kó tó nù ún.

Akin Kọ̀ǹpútà:

…

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Ọmọ mi.

Ẹni tó béèrè:

N ò rò ó rí. Mo rò pé nóòtì ló ṣe pàtàkì, pé màá gbọ́ ohùn tó bá yá. Ọmọ tó ń mú ìwé ẹ̀pà wá yẹn, ó máa ń dijú tí rẹ́kọ́dù bá ń lọ. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ìyókù: ọkọ mi ra íapíìsì fún mi láti oṣù karùn-ún, ó ní kí n máa fi gbọ́ Jámánì nínú ọkọ̀. Ó ṣì wà nínú páálí.

Màmá Ọ̀ṣogbo:

Mo sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe tèmi. Nínú Hören B1, apá kìíní àti ìkẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Apá kejì àti ìkẹta, ẹ̀ẹ̀kan péré. Nítorí náà, ẹ wá rẹ́kọ́dù kékeré tó ní ohun tí wọ́n sọ nínú ìwé. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, bírò nílẹ̀. Ẹ sọ fún ara yín ní Yorùbá pé ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀, kí ló sì fẹ́. Ẹ tún gbọ́ ọ, ẹ kọ ohun tí etí gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìranù. Ìgbà yẹn lẹ tó ṣí ìwé, ẹ fi bírò pupa kọ kìkì ibi tí etí ti tàn yín jẹ. Nóòtì yín nìyẹn. Kò ní ju ìlà mẹ́ta lọ lóòjọ́. Èmi, fünfzehn (15) àti fünfzig (50) ló kún tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Fọláṣadé:

Ìlà mẹ́ta náà ni kẹ́ ẹ fi sórí káàdì o, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún méjì yẹn.

Ẹni tó béèrè (lọ́jọ́ kejì):

Ẹ káàárọ̀ o. Mo gbìyànjú ẹ̀ nínú mọ́tò bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Ìkéde ibùdókọ̀ ojú irin ni. Ohun tí mo kọ rèé: "Der Zug nach Köln fällt heute." Mo ní, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Köln ṣubú lónìí! Mo ṣí ìwé: "Der Zug nach Köln fällt heute aus." Mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́ta kí etí mi tó mú "aus" yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló túmọ̀ sí gan-an?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Ausfallen. Kò sí ohun tó ṣubú, ọkọ̀ náà ò ní lọ lónìí ni. "Mo gba Dúpẹ́" tí mo wí nìyẹn.

Ẹni tó béèrè:

Háà, sà. Irú ìbéèrè yìí gan-an jáde nínú ìdánwò tèmi kejì. Jàǹbá ni mo mú.

Akin Kọ̀ǹpútà:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n kú sẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó béèrè:

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kẹfà, nínú mọ́tò tó ń mì, ó wọ́ bí ejò. N ò tún un kọ. Mo ti pe ọ́fíìsì náà pẹ̀lú, Hören nìkan ni wọ́n ní kí n san. Ìwé márùn-ún yẹn wá ńkọ́? Kí ni kí n ṣe sí wọn?

Màmá Ọ̀ṣogbo:

Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀pà ni mò ń tà.