Ẹ̀yin tó ń gbé inú fifth wheel kiri ibi iṣẹ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí

Nọ́ọ̀sì Houston

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí, Houston la fi ṣe ibùjókòó. Iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ 13 ni mò ń gbà kiri báyìí, torí láísẹ́ǹsì Texas ṣeé lò ní gbogbo ìpínlẹ̀ tó wà nínú Nurse Licensure Compact. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọmọbìnrin wa kò tíì tó ilé ìwé lọ. Ilé tí wọ́n ń háyà fúnni fún oṣù mẹ́ta ń gbọ́n wa lówó lọ, ó sì ti sú mi láti máa tú ẹrù, dì í, tún un tú.

A fẹ́ ra fifth wheel, trélà onílé tó máa ń gbé imú lé ẹ̀yìn pick-up, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Èyí tí ojú wa wà lára rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 38. Bí ó bá kún fún ẹrù, ìwọ̀n tí wọn ò gbà kó kọjá jẹ́ 15,000 pọ́n-ùn. Pick-up tí wọ́n fẹ́ tà mọ́ ọn fún wa ni Ford F-250 olódíísù, èyí tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ń tà á ní àwọn méjèèjì bára wọn mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà á, tẹ́ ẹ ti sùn nínú rẹ̀ ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bá mi dá sí i.

Wẹ́dà Odessa

Àǹtí, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Iṣẹ́ páìpù epo ni mò ń ṣe ní agbègbè Odessa àti Midland, inú fifth wheel lèmi àti àbúrò mi ń gbé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ ń jó irin níbẹ̀. Fífà yàtọ̀ sí rírù. F-250 olódíísù á fa trélà yẹn, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára lójú títì tó tẹ́jú. Rírù ni kò ní lè rù ú. Fífà nìkan sì ni ọlọ́jà máa ń sọ, torí nọ́ńbà ibẹ̀ ló tóbi.

Ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n fifth wheel ló máa ń jókòó sẹ́yìn pick-up, lókè táyà ẹ̀yìn gan-an. Nínú 15,000 tiyín, ìyẹn jẹ́ 3,000 sí 3,750 pọ́n-ùn. Ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ pick-up yẹn. Lára òpó tí ilẹ̀kùn ń pa dé mọ́, ẹ máa rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, tó ní àmì yẹ́lò àti àwòrán táyà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ. Iye yẹn ni kẹ́ ẹ fi ra ilé. Lára ọ̀pọ̀ F-250 olódíísù onílẹ̀kùn mẹ́rin tí mo ti yẹ̀ wò, ó máa ń lé díẹ̀ ní 2,000 ni. Inú rẹ̀ náà ni ẹ̀yin, ọkọ yín, ọmọ, àga ọmọ, àpótí irinṣẹ́, àti irin tí trélà ń jókòó lé máa wà, irin yẹn nìkan sì lè tó 150 sí 200 pọ́n-ùn. Kí èèyàn wá gbé 3,500 lé e, àpò gàrí lé ọmọ ọwọ́ lórí nìyẹn.

Wọ́n tún máa fi ìwọ̀n òfìfo hàn yín. Ẹ má gbà á. Kò sẹ́ni tó ń gbé inú ilé òfìfo. Gálọ̀nù omi kan lé ní pọ́n-ùn mẹ́jọ, táǹkì gálọ̀nù 60 tó bá kún ti tó 500 pọ́n-ùn kí ìkòkò kan tó wọlé. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí trélà àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀ lè wọ̀n pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní GVWR, ni kẹ́ ẹ máa fi ṣírò.

Ní tèmi, fún ilé ẹsẹ̀ bàtà 38 tí ẹ máa gbé títí ọdún, Ram 3500, F-350 tàbí Silverado 3500 oníbejì táyà lẹ́yìn ni. Afẹ́fẹ́ àárín Amarillo sí Lubbock máa ń gbá trélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì, táyà mẹ́rin lẹ́yìn ló ń mú kí ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Ẹ wo bí ẹ̀yìn pick-up ṣe gùn tó náà. Bó bá kúrú, tí kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, imú trélà lè fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ́nà, àyàfi tẹ́ ẹ bá ra irin ìso tó ń sún sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì so wọ́n pọ̀, ẹ yà sí CAT Scale ní ibùdó àwọn onítírélà. Ẹ wakọ̀ gun orí pátákó ìwọ̀n náà: táyà iwájú lórí àkọ́kọ́, táyà ẹ̀yìn lórí èkejì, táyà trélà lórí ẹ̀kẹta. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lára òpó, wọ́n á dá yín lóhùn, ẹ wọlé lọ gba bébà. Lẹ́yìn náà ẹ já trélà sílẹ̀, ẹ padà wá wọn pick-up nìkan. Ìyàtọ̀ àárín ìwọ̀n méjèèjì á sọ ohun tí trélà gbé lé yín lẹ́yìn gan-an. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún ará Texas: bí àpapọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fún pick-up àti trélà bá ju 26,000 pọ́n-ùn lọ, tí trélà fúnra rẹ̀ sì ju 10,000 lọ, láísẹ́ǹsì Class C kò tó mọ́. Class A tí kì í ṣe ti òwò ni ẹ máa gbà, ìdánwò ọkọ̀ wíwà sì wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Dallas

Wẹ́dà ti sọ ti ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé, nítorí iṣẹ́ òru lèmi náà ń ṣe.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé tó ń yọ síta dé. Kí ẹ wá gbìyànjú láti dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí fíríìjì. Àwọn kan wà tí ẹ̀gbẹ́ yẹn bá ti wọlé, ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ò ṣí mọ́. Ẹ rò ó wò ná: ẹ wà lójú I-40, ọmọ fẹ́ tọ̀, òjò ń rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sán, kí ọkọ yín jókòó síbi tó ti máa ṣiṣẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ọmọ máa sáré nínú pálọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere, ẹ ò ní lè sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Èyí tí mo yàn ní yàrá kékeré láàárín, bẹ́ẹ̀dì wa wà lókè níwájú, pálọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Yàrá àárín yẹn ni ọ́fíìsì bàbá wọn. Ìlẹ̀kùn igi gidi ló wà láàárín, kì í ṣe kọ́tìnnì. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, èmi ò ní ra èyí tí kò ní irú ìpín bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ẹ wá gbọ́ ti oúnjẹ. Inú trélà kéré, ooru omi kò ríbi lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ro àmàlà nínú tiwa, omi ń ṣàn lójú fèrèsé títí dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Mo tan fáànù tó wà lókè sítóòfù, ariwo ló ń pa, èéfín ò jáde. Mo bọ́ síta, mo wo ara ògiri níbi tó yẹ kí èéfín gbà jáde: ìlẹ̀kùn péńpé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìkọ́ há pinpin láti iléeṣẹ́, kó má baà máa ṣí lójú ọ̀nà. Mo yí ìkọ́ náà, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ yẹ tiyín wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wò ó. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, kí ògiri má baà hu. Ẹja díndín, ìta ni. Iyán, ẹ̀rọ ni mo fi ń gún un.

Iná náà ń kọ́? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ amúlétutù méjì nínú ooru Texas, ẹ ra oní-50 amp. Ohun tí 30 amp lè gbé kò ju 3,600 wáàtì lọ. 50 amp tó 12,000.

Nọ́ọ̀sì Houston

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. A ti lọ ṣí ilẹ̀kùn pick-up yẹn. 2,240 ló wà lára bébà. Ọlọ́jà ní kí n má wo ìyẹn, pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a bá tiwa lọ. F-350 oníbejì táyà la ń wá báyìí. Fifth wheel náà ń kọ́, ṣé kí a ra tuntun ni àbí àlòkù? Àwọn tó ń gbà mí síṣẹ́ sì ń pè mí sí Baltimore, lẹ́yìn rẹ̀ Minnesota nígbà òtútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màá kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì tibẹ̀, torí Minnesota kò sí nínú Compact.

Ará Elkhart

Ìlú tí wọ́n ti ń kan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn trélà yìí ni mò ń gbé, Elkhart, Indiana, mo sì ti fọwọ́ ara mi gbé ògiri wọn dìde. Iṣẹ́ ibẹ̀ yá púpọ̀. Tuntun kò túmọ̀ sí pé kò lábùkù. Èyí tó ti lo ọdún méjì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú nǹkan, tó sì ti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, lè sàn ju tuntun lọ.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ sanwó fún ayẹ̀wò ẹni tí kò bá ọlọ́jà ṣe. Àwọn tí NRVIA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò, fún ní ìwé ẹ̀rí wà káàkiri. Kó gun òrùlé, kó wo àtè tó yí gbogbo ojú ihò òrùlé ká, bóyá ó ti sán. Kó fi ẹ̀rọ wá ọ̀rinrin ní igun fèrèsé. Ẹ̀yin náà ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri ìta láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá wú tàbí tó rọ̀, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà trélà máa ń gbó láìrìn, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń dán.

Oníwèé Owó Orí

Mò ń bá àwọn nọ́ọ̀sì wa ṣe owó orí, nítorí náà mo bẹ̀ yín, àǹtí, ẹ má jọ̀wọ́ ilé Houston kẹ́ ẹ tó ka èyí.

Owó ilé àti owó oúnjẹ tí wọ́n ń san fún nọ́ọ̀sì arìnrìnàjò kì í ní owó orí lórí, bí ẹ bá ní ibùjókòó gidi tẹ́ ẹ ṣì ń náwó lé lórí, tí iṣẹ́ ibi kan ò sì ní kọjá ọdún kan. Bí ẹ bá kó gbogbo ẹrù sínú trélà, tí ò sí ilé kankan tẹ́ ẹ ń padà sí, IRS, iléeṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, á kà yín sí ẹni tí kò ní ibùjókòó. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ ló máa jẹ́ ilé yín, owó orí á sì gun gbogbo owó yẹn. Àwọn kan máa ń gba àdírẹ́sì lọ́dọ̀ Escapees, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé inú trélà, ní Livingston, Texas. Ó dára fún lẹ́tà, láísẹ́ǹsì àti nọ́ńbà ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún ibùjókòó lójú IRS. Ẹ ṣírò rẹ̀ pọ̀ mọ́ iye tí trélà máa ná yín, kí ẹ tó sọ pé ó dín owó kù.

Ẹ ka ìwé wárántì dáadáa pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn ló sọ pé bí ẹ bá ń gbé inú rẹ̀ títí ọdún, wárántì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìnṣọ́ránsì náà, ti ẹni tó fi ṣe ilé ni kẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe ti ẹni tó ń lọ gbafẹ́.

Awakọ̀ Baltimore

Ẹ káàbọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa nígbà tẹ́ ẹ bá dé. Ẹ má bá GPS mọ́tò kékeré wọ ìlú yìí o. Wọn ò gbà kí ọkọ̀ tó gbé sílíńdà gáàsì tó ju 10 pọ́n-ùn lọ kọjá nínú Fort McHenry Tunnel tàbí Baltimore Harbor Tunnel, sílíńdà fifth wheel sì máa ń tó 30. Afárá Francis Scott Key lórí I-695 la máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kọlù ú ní March 26, 2024, ó wó. Apá ìwọ̀ oòrùn I-695 ni kẹ́ ẹ gbà, ó jìnnà díẹ̀, ẹ fi wákàtí kún ìrìn yín. Mo ti rí ẹni tó dúró ní ẹnu tunnel tí ọlọ́pàá ń dá a padà pẹ̀lú trélà gígùn, ọkọ̀ ti tò lẹ́yìn rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ẹ fi téèpù wọn gíga trélà yín fúnra yín, láti ilẹ̀ dé orí ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ kọ ọ́ síwájú awakọ̀. Púpọ̀ wọn lé ní ẹsẹ̀ bàtà 13. Afárá reluwé kan wà ní Durham, North Carolina, tí wọ́n gbé sókè ní 2019. Ẹsẹ̀ bàtà 12 àti íǹṣì 4 ṣì ni.

Ìyàwó Rochester

Minnesota nìyí, a ti lo ìgbà òtútù nínú fifth wheel níbí. Ọ̀rọ̀ "four seasons" tí wọ́n ń kọ sára ògiri, pé ó ṣeé gbé ní gbogbo ìgbà ọdún, kò ní òṣùwọ̀n kan tí gbogbo iléeṣẹ́ fẹnu kò lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀: ṣé wọ́n bo ibẹ̀, ṣé páìpù ooru dé ibi tí àwọn táǹkì wà?

Ọkọ mi fẹ́ràn hítà oníná nítorí pé gáàsì wọ́n. Ṣùgbọ́n ooru ẹ̀rọ onígáàsì ló ń sọ̀kalẹ̀ dé abẹ́ ilé, ti hítà oníná kì í dé ibẹ̀. Yàrá lè móoru, kí táǹkì ìsàlẹ̀ ti di yìnyín. A máa ń lo méjèèjì, a sì ní kí àwọn onígáàsì gbé sílíńdà 100 pọ́n-ùn wá síta. A fi ọ̀já yí ìdí trélà ká kí afẹ́fẹ́ má baà wọ abẹ́. Rọ́bà tó ń gbé omi wọlé fún wa ní wáyà tó ń mú un gbóná. Ọ̀nà omi ìdọ̀tí, a kì í ṣí i sílẹ̀; táǹkì gbọ́dọ̀ kún kí a tó dà á lẹ́ẹ̀kan náà, torí omi tó bá ń kán díẹ̀díẹ̀ á dì nínú páìpù.

Ibi ìdúró trélà tó pọ̀ níhìn-ín máa ń ti omi pa nígbà òtútù, àwọn mìíràn máa ń tilẹ̀kùn títí di oṣù kẹrin. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gba iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní iná wà, ẹ béèrè bóyá omi náà wà títí di March.