Laptop ẹgbẹ́ ni, ẹrù mi ló kún inú rẹ̀: báwo ni mo ṣe máa nù ún mọ́ kí n tó dá a padà?

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ojú ń kán mi ni.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣiṣẹ́ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ríṣẹ́ síbòmíràn báyìí, ọjọ́ Ẹtì ni mo sì máa dá laptop wọn padà. HP ni, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ká má purọ́, mo ti sọ ọ́ di tèmi tipẹ́. Fọ́tò ìkómọ Àdùkẹ́ wà níbẹ̀, NIN bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, èsì WAEC àbúrò mi, títí kan ìwé àjọ tí à ń dá ládùúgbò, orúkọ oníkálukú àti iye tó jẹ.

Lánàá, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo da inú Recycle Bin nù, mo sùn fọnfọn. Láàárọ̀ yìí ni mo yà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Takie. Ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó tẹ nǹkan díẹ̀, àwa ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gààrí lọ ní tiwa. Kí n tó mọ̀, fọ́tò ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gèlè tí mo wé lọ́jọ́ ìkómọ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Ara mi bù máṣọ. Ó ní kí n mú ₦8,000 wá, kí n fi laptop sílẹ̀ di ọ̀la, òun á bá mi fọ́ọ̀mátì ẹ̀.

Ṣé kí n fún un? Tó bá ti fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ṣé ó parí nìyẹn?

Ìyá Ìbejì Sábó:
Ẹ fi kí ni sílẹ̀ di ọ̀la? Ẹ má dán an wò. Mo gbé tèmi fún ẹnì kan bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. RAM 8GB, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni mo gbé lọ, 4GB ni mo gbé bọ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní bóyá bí mo ṣe rà á nìyẹn.

Ọmọ Ajílété:
Ẹ gbé òòlù, ẹ fọ́ ọ 😂

Ìyá Ìbejì Sábó:
Ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́. Laptop ni wọ́n ní kó dá padà, kì í ṣe àpáàdì.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Under-G:
Ìyá Àdùkẹ́, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe kì í ṣe idán. Téèyàn bá pa fáìlì rẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń yọ nínú ìwé. Ó dà bí ìgbà tí onílé bá fa igi lé orúkọ ayálégbé, tí ẹrù ayálégbé ṣì wà ní yàrá. Àfi tí ẹlòmíràn bá kó ẹrù tirẹ̀ wọlé ni ti àkọ́kọ́ tó máa pòórá. Fọ́ọ̀mátì kíákíá tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, bákan náà ni, ìwé orúkọ ni wọ́n kàn pààrọ̀. ₦8,000 lórí ìyẹn? Háà.

Bí fọ́tò yẹn ṣe jáde wẹ́rẹ́, ó jọ pé hard disk àtijọ́, èyí tó ń yí, ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe SSD, irú tuntun tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀. SSD sábà máa ń nu ibi tí a ti pa nǹkan rẹ́ fúnra rẹ̀, kì í rọrùn láti wú nǹkan jáde níbẹ̀. Tiyín dáa bẹ́ẹ̀, torí hard disk ṣeé kọ nǹkan bò.

Windows fúnra rẹ̀ ní ohun tí ẹ nílò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Recovery, kí ẹ tẹ Get started lábẹ́ Reset this PC. Ẹ mú Remove everything. Tó bá bi yín ní Cloud download tàbí Local reinstall, ẹ mú Local, torí ti Cloud lè jẹ dátà tó ju 4GB lọ. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń fò kọjá ló kàn: ẹ tẹ Change settings, kí ẹ fi Clean data sí Yes. Òun gan-an ló ń kọ nǹkan mìíràn bo ohun tó wà nílẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kàn gbálẹ̀ ni, ẹ ò fọ ilé. Ó máa ń pẹ́ o, ó lè gba wákàtí púpọ̀. Ẹ má yọ ṣájà.

Alàgbà Akọ̀wé Ọ̀yọ́:
Gbogbo yín ń sọ bí yóò ṣe nù ún, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ láti nù ún. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí. Ìyá Àdùkẹ́, àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ta ló jẹ, ta ló san, ta ló ṣe onídùúró fún ta? Tí ẹ bá nù ún láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí owó kan ò wá bára mu lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Ẹ máa wá sọ pé fọ́tò ọmọ yín lẹ̀ ń nù. Ta ló máa gbà?

Ẹ lọ bá alága tàbí akọ̀wé yín lọ́la. Kí wọ́n gbé hard disk tiwọn wá, kí ẹ kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sí i níṣojú wọn, kí wọ́n ṣí i wò, kí wọ́n sì buwọ́ lùwé pé àwọn gbà á. Lẹ́yìn náà kí ẹ tọrọ àyè láti nù ún. Ẹ má fi ẹ̀dà kankan sí fíláàṣì tiyín o. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 wà nílẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà báńkì ọlọ́mọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sílé.

Ìyá Àdùkẹ́:
Bàbá, ẹ ṣeun. Mi ò tiẹ̀ ronú débẹ̀.

Dọ̀tun:
Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó tẹ Reset, ẹ kó fọ́tò tiyín síbòmíràn, kí ẹ sì ṣí i wò lórí ẹ̀rọ mìíràn kó dá yín lójú. Lórí fóònù yín, ẹ wọ Linked devices lórí WhatsApp, kí ẹ yọ laptop yẹn kúrò. Ẹ wá ṣọ́ra pẹ̀lú Chrome. Èmi pa gbogbo password rẹ́ lórí laptop nígbà tí sync, ohun tó so ti laptop pọ̀ mọ́ ti fóònù, ṣì ń ṣiṣẹ́, ni ti orí fóònù mi náà bá bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tẹ "Forgot password". Ẹ kọ́kọ́ sign out ná. Bí OneDrive, ibi tí Windows ń tọ́jú fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìyá Àdùkẹ́ (ọjọ́ Àbámẹ́ta):
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé o.

Akọ̀wé gbé hard disk wá lọ́jọ́rú, a jókòó, ó ń pe orúkọ, mo ń fi hàn án. A dé oṣù Kẹfà, kò sí oṣù Kẹfà. Àṣé inú Downloads ni mo fi sí, mo sì ti pa á rẹ́ mọ́ fọ́tò mi! Òógùn bò mí. Ta ni mo tún sá tọ̀ lọ? Ọmọkùnrin Takie yẹn náà ni. Ó wú u jáde, ó gba ₦2,000, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé e lọ sílé aládùúgbò wa tó ní sólà, torí bátìrì rẹ̀ kì í gbé ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́ tí iná bá lọ. Aago mẹ́sàn-án ni mo tẹ̀ ẹ́. Orí àga wọn ni mo sùn sí, nígbà tí mo jí laago mẹ́ta òru, 58% ló wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti parí, ó ń bi mí pé orílẹ̀-èdè wo ni mo wà, bí àlejò tí kò rí mi rí. Ibẹ̀ ni mo pa á sí, mo gbé e lọ fún wọn, wọ́n buwọ́ lùwé.

Ìyá Ìbejì Sábó:
Ẹ kú orí ire. RAM ńkọ́, nígbà tí ẹ padà lọ sí Takie?

Ìyá Àdùkẹ́:
Mi ò dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ìtọ̀ gbọ̀n mí, mi ò dìde.