Gílóòbù wo ló bá máṣìnì àtijọ́ mu?

Onímáṣìnì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Máṣìnì (ọ̀kadà) tó ti pẹ́ ni. Mo fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù iwájú, ti ẹ̀yìn àti tráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára àwọn ti tẹ́lẹ̀ ló ti pa rẹ́. Ṣé tí ìdí gílóòbù bá ṣáà ti wọ ihò rẹ̀, ó parí? Ṣé mo sì lè kó LED sí gbogbo rẹ̀?

Wáyà Pupa:
Kò parí o. Gílóòbù ẹ̀yìn fóòtì 6 (6V) àti ti fóòtì 12 (12V) lè ní ìdí kan náà, irú tí wọ́n ń pè ní BAY15d. Ti 6 tó bá wọ máṣìnì 12, kíá ló máa jó. Ti 12 nínú máṣìnì 6 á kàn máa pọ́n bàìbàì ni. Ẹ ka ìdérí orí bátìrì olómi: mẹ́ta, fóòtì 6, mẹ́fà, fóòtì 12. Bí kò bá ní ìdérí, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n.

Ó wá ku wáàtì (W), ìyẹn bí iná tí gílóòbù ń jẹ ṣe pọ̀ tó. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ 21/5: 5 fún iná ẹ̀yìn, 21 fún bíréèkì. Pínnì méjì ara ìdí rẹ̀ kì í dọ́gba, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ. Ẹni tó bá fipá tì í wọlé lódìkejì, iná ẹ̀yìn á máa mọ́lẹ̀ gbòò ní gbogbo ìgbà, tó bá wá tẹ bíréèkì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní rí ìyàtọ̀.

Kẹ́ ẹ tó ju èyí tó kú nù, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí wáyà inú rẹ̀ bá já, tí gíláàsì ṣì mọ́, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń já a. Bí gíláàsì bá dúdú tó ń dán bíi dígí, iná tó ń gbà ti lè pọ̀ jù. Ẹ má tíì ra òmíràn. Bí nǹkan funfun bíi ẹfun bá bo inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́.

Ọ̀gá Kọ́ìlì:
Dúdú yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ máṣìnì kékeré àtijọ́, bátìrì kọ́ ló ń tan iná iwájú, tààrà láti kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, wáyà tí wọ́n wé tó ń mú iná jáde bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, ni. Àwọn tí kò ní rẹgulétọ̀ (ohun tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù) níbẹ̀, gílóòbù fúnra wọn ló ń jẹ iná náà tí kì í fi í pọ̀ jù. Bí ti ẹ̀yìn bá ti jó, tẹ́ ẹ wá fún tọ́ọ̀tù (ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń mú kí ẹ́ńjìnnì sáré), ti iwájú kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. LED tó ń jẹ díẹ̀ á ba ìṣirò yẹn jẹ́, á sì tún máa ṣẹ́jú. Wáàtì tí wọ́n ṣe é mọ́ ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta gílóòbù iwájú irú H4 60/55 fún yín dípò irú HS1 35/35. Wọ́n jọra débi pé àwọn kan ń fi fáìlì gé etí rẹ̀ kó lè wọlé, ìwà burúkú gbáà. Wáàtì 60 lórí fóòtì 12 jẹ́ ámpù 5 (bí iná tó ń gba inú wáyà ṣe pọ̀ tó), 35 kò tiẹ̀ pé 3. Súwíìṣì á gbóná, awo ẹ̀yìn iná á yọ́ bó bá jẹ́ oníke.

Onímáṣìnì:
Ẹ ṣé gan-an. Tráfíkétọ̀ ń kọ́? Mo fi LED sí méjì ẹ̀yìn, ló bá ń ṣẹ́jú kíákíá.

Wáyà Pupa:
Fíláṣà àtijọ́, ohun tó ń mú kí tráfíkétọ̀ ṣẹ́jú, sábà máa ń retí wáàtì 42, 21 iwájú àti 21 ẹ̀yìn. Iná tó rí kéré, ó rò pé gílóòbù kan ti kú. Ẹ ra fíláṣà tí wọ́n ṣe fún LED. Bí dáṣíbọọ̀dù bá ní iná kan ṣoṣo fún ọ̀tún àti òsì, tẹ́ ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ di LED, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa ṣẹ́jú pọ̀, torí iná kékeré yẹn ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ sí áàtì (irin ara máṣìnì tí iná ń gbà padà). Ẹ fi dáódù 1N4007 méjì (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) sí i, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá so ìdí kejì iná náà mọ́ áàtì.

LED pupa ló dára lábẹ́ ike pupa ẹ̀yìn, funfun á hàn bíi píǹkì. Àmọ́ bí ike náà bá ní ojú funfun nísàlẹ̀ tó ń tan nọ́ńbà, pupa á sọ nọ́ńbà náà di pupa.

Rọ́bà Áàtì:
Àfikún kan. Bí tráfíkétọ̀ bá ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má fẹ̀sùn kan gílóòbù. Ẹ fi sáńpépà ha ojú irin tí wáyà áàtì ti so mọ́ títí á fi dán, kẹ́ ẹ sì ha inú ihò gílóòbù náà. Tẹ́ ẹ bá ń ki gílóòbù halogen (irú HS1 iwájú yẹn) bọlé, aṣọ mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi dì í mú, òróró ọwọ́ ń mú kí gíláàsì rẹ̀ bẹ́.