Pápá ìyìnbọn gbogbo ìlú: báwo lẹ ṣe jà fún tiyín kí wọ́n má bàa tì í?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló ń lo pápá ìyìnbọn tí ìjọba ìbílẹ̀ dá sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n ti tiwa pa. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe gbà á sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, torí ọ̀rọ̀ yìí lè kan ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́la.

Àárọ̀ Sátidé kan ni a débẹ̀ tí a bá ìwé lára géètì. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yóò jókòó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i láti pinnu bóyá kí wọ́n ti pápá náà. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀: ariwo, òjé inú ọta ìbọn tó ń wọlẹ̀, àti owó ìtọ́jú. Ara mi tutù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìbọn yínyìn. Ibẹ̀ náà ni ọmọ mi ti kọ́ pé a kì í ti ìka bọ ibi tí wọ́n ti ń fa ìbọn, àfi tí ojú bá ti wà lórí àmì.

Ìbínú la kọ́kọ́ fi gbé e. Àwọn kan ní ká lọ kún ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, ká pariwo ẹ̀tọ́ wa lé wọn lórí. Bàbá kan wà láàárín wa, sójà tó ti fẹ̀yìntì, òun ló ń bójú tó ààbò lórí ìlà ìyìnbọn. Ó bi wá pé, “Ta ló ń lo pápá yìí gan-an?” Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Gbogbo wa mọ ara wa àti ọ̀rẹ́ wa, ó tán.

A gbé tábìlì kalẹ̀ lẹ́nu géètì. Fún òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, ẹni tó bá wọlé, à ń béèrè ibi tó ti wá àti ohun tó wá ṣe, a ò béèrè orúkọ. Ibẹ̀ lojú wa ti là. Àwọn ọdẹ ń wá tún ojú ìbọn wọn ṣe kí àkókò ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má bàa ṣá ẹran lọ́gbẹ́ lásán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò ń wá dánra wò kí wọ́n lè tún ìwé àṣẹ wọn gbà. Ọlọ́pàá ìlú kékeré méjì tí kò ní pápá tiwọn ń wá. Ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé kan ń wá. Kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọdẹ tuntun ní ìlànà ààbò ń wá. Àwa rò pé pápá àwa olólùfẹ́ ìbọn ni, a ò mọ̀ pé ẹrù tó gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà la wá lọ sí ilé àwọn tó fẹ̀sùn kàn wá. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀: a ti dá àwọn ènìyàn yìí lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu wọn. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń kọ lẹ́tà jù, orúkọ rẹ̀ ti di èébú lẹ́nu wa. Èmi àti bàbá sójà la lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń kọ lẹ́tà, ẹnikẹ́ni ò wá rí òun rí. Ọdẹ ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Kò kórìíra ìbọn. Ó mú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní ká dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ ọ. Òkè méjì ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti pápá, ohùn ìbọn ń gba àárín wọn kọjá, ó sì ń bú jáde bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n ti ń yìn ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ó bá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ojú tì mí.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti mọ ohun tí a máa gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀: a ò ní yìnbọn ní ọjọ́ Ìsinmi títí di ọ̀sán, gbogbo nǹkan á sì dákẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ìbọn tí ohùn wọn lágbára jù yóò lọ sí ìpẹ̀kun kejì, kí ojú wọn má kọ sí àárín òkè yẹn mọ́. Ẹnìkan ní ká kàn gbin igi. Igi dára, ṣùgbọ́n igi tínínrín kì í dí ariwo bí a ṣe rò. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ gíga àti òrùlé tí wọ́n fi ohun tó ń gba ohùn mu tẹ́ inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọta ìbọn ọdẹ sì lè rìn ju 800 lọ. Ọta fúnra rẹ̀ ń dún pàà bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, yàtọ̀ sí ohùn tó ti ẹnu ìbọn jáde. Ìdí nìyí tí ibi tí ìlà ìyìnbọn kọjú sí fi ṣe pàtàkì gidi.

Ti owó ńkọ́? Òfin kan wà láti ọdún 1937, Pittman-Robertson ni wọ́n ń pè é. Ó fi owó orí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lé ìbọn gígùn àti ọta, àti ìdá 10 lé ìbọn ìléwọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń san án, ṣùgbọ́n inú iye tí àwa fi ń rà á ló wà. Owó náà ń padà sí ọwọ́ ìpínlẹ̀ fún àwọn ẹranko ìgbẹ́, ẹ̀kọ́ ọdẹ àti pápá ìyìnbọn. Ní 2019, wọ́n tún òfin náà ṣe, tó fi jẹ́ pé owó yìí lè gbé tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó láti ra ilẹ̀ fún pápá gbogbo ìlú, láti kọ́ ọ tàbí láti mú un gbòòrò, dípò 75 ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a sọ èyí fún káńsílọ̀ kan, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní ká tún un sọ.

Ní ọjọ́ ìpàdé, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ti pín ọ̀rọ̀ láàárín ara wa kí a má bàa máa sọ ohun kan náà. Ọmọbìnrin kan láti ẹgbẹ́ iléèwé sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ìyá yẹn dìde. A ò bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Ó ní, “Mi ò ní kí wọ́n tì í. Ọjọ́ Ìsinmi mi ni mo fẹ́.”

Káńsílọ̀ mẹ́rin ní kí pápá wà, mẹ́ta ní kí wọ́n tì í. Wọ́n kọ àdéhùn wa mọ́ ọn, à ń pa á mọ́ dòní.

Ó yá, ta ló kàn?

*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tì í.

Ohun tó dùn mí jù ni pé a fọkàn balẹ̀ jù. Àwọn ilé tuntun ń sún mọ́ pápá, a sì ń sọ pé òfin wà lẹ́yìn wa. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ní òfin tí kò jẹ́ kí ẹni tó kó dé lẹ́yìn pe pápá lẹ́jọ́ torí ariwo. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò di ọwọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ilẹ̀ wa, wọ́n sì fẹ́ lò ó fún nǹkan mìíràn. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n ṣe lórí rẹ̀, kò sẹ́nì kankan nínú wa níbẹ̀. Nígbà tí a fi máa kó ìwé ìbuwọ́lù jọ, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́.

Ní báyìí, àwọn kan ń lọ yìnbọn nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Kò sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn àmì, kò sí ẹni tó ń pàṣẹ “ẹ dáwọ́ dúró”. Wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n àlòkù lọ yìnbọn fún, wọ́n á fi gbogbo àfọ́kù sílẹ̀ síbẹ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnìkan rìn kọjá síwájú nígbà tí ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

*

Èmi ń ṣe àkóso pápá kékeré kan, òjé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Tí aládùúgbò bá dárúkọ òjé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé irọ́ ni. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Èmi gba àyẹ̀wò ilẹ̀ fúnra mi kí wọ́n tó ní kí n gbà á, mo sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara géètì.

EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ní ìwé kan lórí èyí, 2001 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n tún un ṣe ní 2005. Ilẹ̀ tó bá kan, ìyẹn èyí tí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀, ni òjé ti ń yọ́ wọ inú omi, nítorí náà wọ́n ní kí pH ilẹ̀, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bó ṣe kan tó, wà láàárín 6.5 sí 8.5. Ìyẹ̀fun láìmù tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko la fi ń ṣe é. A máa ń jọ òkìtì iyẹ̀pẹ̀, a ń ṣa ọta jáde, a sì ń tà á fún àwọn tó ń yọ́ òjé lò. Owó rẹ̀ la fi tún òkìtì náà ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Káńsílọ̀ tó fẹ́ tì wá wá wò wá lọ́jọ́ tí a ń jọ ọ́. Mo fún un ní ìbọ̀wọ́, ó bá wa ṣe é fún wákàtí kan. Kí ó tó lọ, mo fi ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ hàn án.